Àwo Ló Fọ́, Ọmọ Kò Fọ́

Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ
Ibi kíkà: Mátíù 23:25-26, 2 Tímótì 2:20-21

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kéré lójú. Ọ̀rọ̀ àwo ni, àwo tí a fi ń jẹun. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Láti ọdún tí a ti ń ṣe iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn káàkiri Surulere, Yaba àti Mushin, a ti rí i pé ohun kékeré bí àwo lè tú àṣírí ohun tó wà lọ́kàn onílé.

KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ INÚ PÁÁLỌ̀

Bí ẹ bá wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ ó rí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Nínú rẹ̀ ni àwọn àwo tánńganran wà, olódòdó, tí wọ́n fi ilà wúrà yí etí rẹ̀ ká. Wọn kò tò wọ́n lé ara wọn bí àwo tí a ń lò. Wọ́n fi ẹ̀yìn wọn ti ògiri kí gbogbo ayé lè rí wọn. Òmíràn jẹ́ ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Òmíràn ni ìyàwó ilé fi owó àjọ rà ní Tejúoṣó. Òmíràn bá ará Lọ́ńdọ̀nù dé.

Ọmọ tí kò tíì mọ A, B, D ti mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Bàbá ń jẹun nínú abọ́ páànù, ìyá ń jẹ lára ìdérí ìkòkò, àwọn ọmọ ń jẹ nínú ike tí etí rẹ̀ ti bó. Àwo olódòdó ń dúró de àlejò. Àlejò tó sì tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè dé! Àwọn ilé kan wà tí wọ́n ti lo ogún ọdún pẹ̀lú irú àwo bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi jẹ òkèlè kan.

A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni tiwa náà rí, ibẹ̀ sì ni Olúwa ti bá wa wí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍLÉ WA

Ní ọdún 2004, a ń gbé ní Surulere. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó wa kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n mú wá láti Ìpetumodù kí ó lè kàwé. Ìlú amọ̀kòkò ni Ìpetumodù. Ìyá àgbà tó tọ́ ọmọ yìí dàgbà ń mọ ìkòkò. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ ilé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, àwọn àgbà ìjọ wá kí wa. Àlejò pàtàkì ni wọ́n, nítorí náà a ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mẹ́rìnlélógún ni àwo náà, ẹ̀bùn ìgbéyàwó wa ni. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ yìí kó àwo, ó ń gbé wọn lọ sí ilé ìdáná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ etí kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú àwo náà bọ́, ó fọ́ yángá lórí símẹ́ńtì.

Ẹ̀yin ará, a kò nà án. Ìbá sàn kí a nà án. Ọ̀rọ̀ ni a sọ. Níwájú gbogbo àlejò, a wí fún un pé, "Ṣé o mọ̀ pé àwo yìí níyì jù ẹ́ lọ?" Àwọn kan nínú àlejò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣa àfọ́kù, ó sì wọlé lọ. Àwa bá ọ̀rọ̀ ìjọ lọ.

Àwọn baba wa sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun méjì ló fọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni a sì rí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, a wàásù lórí ìfẹ́. Nígbà tí ìsìn parí, olùkọ́ àwọn ọmọdé pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé nígbà tí àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ni ọmọ ilé wa fi ń lu ẹ̀yìn ọwọ́. A ní kó la ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti ya láti ìdí àtàǹpàkò dé àárín, ó ti wú, ó ti ń ṣọyún. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi pa á mọ́. Ó fi ọwọ́ yẹn fọ aṣọ, ó fi gbálẹ̀, ó sì fi bu oúnjẹ fún wa.

Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wẹ ojú egbò náà, wọ́n gba abẹ́rẹ́ fún un. Nígbà tí a délé, a rí àfọ́kù àwo nínú ọ̀rá lábẹ́ ẹní rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. A bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní nílé ìyá àgbà, bí ìkòkò bá fọ́, wọn kì í kó o dànù. Wọ́n ń fi àpáàdì rẹ̀ gbé iná. Ó ní òun ń tọ́jú rẹ̀ bóyá a ó tún rí i lò, kí inú wa lè yọ́ sí òun.

A wọ yàrá lọ, a ti ilẹ̀kùn, a sì sunkún.

ÀWO AYÉ ÌGBÀ JÉSÙ

Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ àwo nínú Bíbélì àti nínú ìtàn. A rí i pé àìsàn yìí ti pẹ́ láyé.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí ogójì ọdún ṣáájú ìbí Olúwa wa, àwọn amọ̀kòkò ìlú Arretium ní Ítálì, tí à ń pè ní Arezzo lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àwo pupa kan tó ń dán. Amọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń kọ mànà bí ohun tí a fi epo pa. Wọ́n á kọ́kọ́ mọ ọpọ́n amọ̀ kan, wọ́n á fín òdòdó, ẹranko àti àwòrán ènìyàn sí inú rẹ̀, wọ́n á sun ún. Lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ amọ̀ tútù mọ́ inú ọpọ́n yẹn. Bí amọ̀ tútù ti ń gbẹ, ó ń sún kì, a sì yọ jáde fúnra rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ ọnà náà lára rẹ̀. Wọ́n á rì í sínú omi amọ̀ kíkúnná, wọ́n á sì sun ún nínú ìléru tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa, kí ó lè pọ́n. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká àwo fàdákà ń ra àwo pupa yìí, kí tábìlì tirẹ̀ náà lè dùn ún wò.

Wọ́n ń lu òǹtẹ̀ orúkọ mọ́ àwo náà. Ẹ gbọ́ èyí: lára ọ̀pọ̀ rẹ̀, orúkọ ẹrú ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti olówó rẹ̀. A rí orúkọ Cerdo, ẹrú Marcus Perennius, lára àwo Arezzo. Àwọn ọlọ́lá jẹun nínú iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọn kò jẹ́ kó jókòó ti tábìlì.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà dé ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí. Ní La Graufesenque, nítòsí ìlú Millau, wọ́n ń kó àwo tó ju 20,000 lọ sínú ìléru kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn amọ̀kòkò jọ ń sun ún pọ̀, wọ́n sì ń ha iye àwo oníkálukú sára àwo kan.

Àpótí kan nínú irú ẹrù yẹn dé ìlú Pompeii ní Ítálì. Ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Krístì, òkè Vesuvius bú gbàmù, eérú gbígbóná sì bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Ní 1881, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 1,800, àwọn tó ń walẹ̀ rí àpótí náà nínú ilé kan: abọ́ olónà 90 àti fìtílà 37. A kò tíì tú u. Ẹnikẹ́ni kò tíì bu oúnjẹ sí i. Ilé parun, ìlú parun, àwo wà níbẹ̀, ó ń dúró de àlejò.

Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ̀yin bàbá ilé, ta ni à ń tọ́jú tiwa dè?

ỌMỌ ỌLỌ́RỌ̀ ÀTI IFE TÓ FỌ́

Ìtàn kejì ló dùn wá jù. Ọlọ́gbọ́n Róòmù kan wà tí ń jẹ́ Seneca. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Gálíónì, gómìnà tí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 18:12 sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí wọ́n fa Pọ́ọ̀lù lọ síwájú rẹ̀ ní Kọ́ríńtì. Seneca kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìbínú pé ọkùnrin olówó kan wà tí ń jẹ́ Vedius Pollio, tó kú ní ọdún 15 ṣáájú ìbí Krístì. Ó ní adágún omi kan nílé rẹ̀, ó ń sin ẹja ńlá tó rí bí ejò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Késárì Augustu jẹun nílé rẹ̀, ẹni yìí kan náà tí Lúùkù 2:1 sọ pé ó pàṣẹ ìkọ̀wé orúkọ nígbà ìbí Jésù. Ọmọ ẹrú kan ṣèèṣì fọ́ ife kristali kan. Vedius pàṣẹ pé kí wọ́n jù ú sí àwọn ẹja náà. Ọmọ yìí já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sá lọ sí ẹsẹ̀ Késárì. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí òun yè. Ohun tó bẹ̀ ni pé kí wọ́n pa òun lọ́nà mìíràn.

Késárì ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ife kristali ilé náà wá, kí wọ́n fọ́ wọn lójú òun, kí wọ́n sì fi erùpẹ̀ dí adágún náà.

Ẹ̀yin ará, abọ̀rìṣà ni Késárì. Kò mọ Òfin, kò mọ Ìhìn Rere. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ife kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ènìyàn. Àwa tí a fi ẹ̀jẹ̀ Jésù rà, tí a kún fún Ẹ̀mí Mímọ́, tí a ń fi èdè tuntun gbàdúrà, a sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé àwo níyì jù ú lọ. Ní ọjọ́ Ìdájọ́, kí Késárì má ṣe dìde dá wa lẹ́bi!

INÚ ÀWO NI JÉSÙ Ń WÒ

Nínú ibi kíkà wa, Olúwa bá àwọn akọ̀wé àti Farisí wí nítorí pé wọ́n ń fọ òde ago àti àwopọ̀kọ́, nígbà tí ohun tí wọ́n fi ipá gbà àti ìwọra kún inú rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ mọ ohun tó ń wí. Lára ilé àwọn ọlọ́rọ̀ Jerúsálẹ́mù ayé ìgbà náà, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àwo pupa dídán irú èyí tí a sọ lókè. Wọ́n sì mọ òfin Léfítíkù 11:33, pé bí ohun àìmọ́ bá bọ́ sínú ohun èlò amọ̀, fífọ́ ni kí wọ́n fọ́ ọ. Òfin Mósè gbà kí a fọ́ àwo. Kò sí ibi tó gbà kí a fọ́ ọmọ nítorí àwo.

Ilé wa mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Àwo ń dán, kápẹ́ẹ̀tì mọ́, àdúrà ìparí gùn. Inú ilé náà ni ọmọ kan ti ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú òkùnkùn. Òde mọ́, inú kò mọ́.

ÀPÁÀDÌ ILÉ-IFẸ̀ ÀTI OBÌNRIN INÚ OWÓ WA

Ọmọ yẹn kò mọ̀ pé òun sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nígbà tó ní wọn kì í kó àfọ́kù dànù. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn baba ńlá wa to àpáàdì ní ìdúró-ìdúró, wọ́n tò ó bí egungun ẹja, wọ́n fi tẹ́ àgbàlá ààfin àti ojú ọ̀nà. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwo, ló pàṣẹ rẹ̀, kí ẹrẹ̀ má bàa ba aṣọ òun jẹ́. Frank Willett hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìta Yemòó láti 1957. Wọ́n rí irú rẹ̀ ní Bìní àti ní Tógò pẹ̀lú. Ohun tó fọ́ di ibi tí ọba ń tẹ̀. Bí ènìyàn ẹlẹ́ran ara bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkòkò fífọ́, kí ni Ọlọ́run kò lè ṣe sí ìgbéyàwó tó fọ́, sí ọmọ tí ọ̀rọ̀ wa ti fọ́ lọ́kàn? Hallelúyà!

Ẹ mú náírà 20 jáde lápò yín, ẹ yí i sí ẹ̀yìn. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ ni Ladi Kwali. Ọmọ ìlú Kwali ni. Ní 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ìkòkò rẹ̀ ní ààfin Ẹ́míà Àbújá àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja báyìí. Ní 1954, obìnrin yìí wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní 1984. Kì í ṣe ìkòkò nìkan ni orílẹ̀-èdè wa yà sára owó. Wọ́n ya ẹni tó mọ ọ́n. Ẹni náà níyì ju ohun tó mọ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó wà nílé yín. Amọ̀ ni, lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni Amọ̀kòkò tó mọ ọ́n. Òǹtẹ̀ Rẹ̀ wà lára rẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Ẹ má kàn sọ pé Àmín kí ẹ sì pa ìwé dé.

Èkíní, ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fi àwo àlejò jẹun pẹ̀lú ọmọ yín. Ẹ bu oúnjẹ ìyàwó yín sí i. Kò sí àlejò tó ju àwọn tí Ọlọ́run fi fún yín lọ.

Èkejì, ọmọ tó ń bá yín gbé, ìbáà ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n, ìbáà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kó jẹun nínú irú àwo tí ọmọ inú yín ń jẹ nínú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù rán Ónẹ́símù padà sí Fílémónì, kì í ṣe bí ẹrú mọ́, bí kò ṣe bí arákùnrin. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin ìlú wà: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ìyà tí ẹ bá fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ, ìjọba lè bi yín. Ọlọ́run yóò bi yín.

Ẹ̀kẹta, bí nǹkan bá fọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu yín kò gbọdọ̀ jẹ́, "Ta ló fọ́ ọ?" Ẹ bèèrè pé, "Ṣé kò gé ọ lọ́wọ́?" Lẹ́yìn èyí ẹ lè kọ́ ọmọ bí a ti ń gbé àwo. A kò ní kí ẹ má tọ́ ọmọ.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ tí àwa sọ, ẹ lọ bẹ ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbà a máa bẹ ọmọdé. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, a pe gbogbo ilé jọ, a ní, "Ohun tí Dádì sọ lọ́jọ́ Ẹtì, irọ́ ni. O níyì ju gbogbo àwo ayé lọ. Jọ̀wọ́, má bínú." Ó ṣòro fún wa. Ẹnu wa wúwo. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó tún máa rẹ́rìn-ín níwájú wa.

Bí ọmọ ìkókó bá kú tí ìyá sì yè, àwọn àgbà a máa ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé nílé wa, díẹ̀ ló kù kí agbè fọ́.

Ọmọ náà ti di ìyàwó ilé báyìí. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, a kó àwo olódòdó náà fún un. Mọ́kànlélógún ló kù nígbà náà, nítorí láti ìgbà yẹn la ti ń lò wọ́n, méjì sì ti fọ́ lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Láìpẹ́ yìí ó pè wá lórí fóònù. Ó ní, "Dádì, ọmọ yín ti fọ́ ọ̀kan nínú àwo yín o!" A bi í pé kí ló wá ṣe fún un.

Ó ní, "Mo kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ ná."

ÀDÚRÀ: Baba wa ọ̀run, Ìwọ Amọ̀kòkò, dárí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti fi fọ́ ọmọ Rẹ jì wá. Wẹ inú wa mọ́, kí òde wa lè mọ́ pẹ̀lú. Wo àtẹ́lẹwọ́ gbogbo ọmọ tó ń pa egbò mọ́ nílé wa sàn. Sọ ilé wa di ohun èlò ọlá fún ìlò Rẹ. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.